Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá: ẹ sọ kòbókò sílẹ̀, ẹ má sì fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ tó ń mu áìsì lọ sílé

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń darí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá láti Kubwa dé Nyanya, láti Lugbe dé Mararaba, a kí yín, a sì foríbalẹ̀ fún yín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ìpinnu tí àwọn kan nínú yín fẹnu kò sí lórí àwọn ọ̀dọ́ tó ń mu áìsì, oògùn olóró tí ọ̀pọ̀ ń pè ní mkpuru mmiri, ló mú wa kọ̀wé yìí. Ohùn yín tó ń lọ káàkiri lórí WhatsApp sọ pé ọ̀dọ́ tí ọwọ́ bá tẹ̀, kí wọ́n nà án ní kòbókò níwájú ìpàdé, kí wọ́n ya fídíò rẹ̀ kí ojú lè tì í, kí wọ́n sì fi í sínú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Ìbàdàn tàbí Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn ẹbí gbà á lọ́hùn-ún, kí wọ́n fà á lé wòlíì tàbí ààfáà lọ́wọ́. A mọ̀ pé inú yín ò dùn sí bí àwọn ọmọ ṣe ń ṣòfò. Inú tiwa náà ò dùn. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Apòògùn, nọ́ọ̀sì àti agbaninímọ̀ràn ni àwa tí a kọ ọ́. Ìtọ́jú àwọn tí oògùn olóró ti di bárakú fún ni iṣẹ́ wa. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ gbọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: áìsì ní àkókò tirẹ̀ nínú ara èèyàn, wákàtí sí wákàtí, ọjọ́ sí ọjọ́. Àwọn wákàtí àti ọjọ́ tí ẹ yàn fún ìyà yín gan-an ló bọ́ sí ìgbà tí ìyà lè di ikú.

1. Igbó kọ́ ni ẹ ń bá jà

Nínú ohùn yẹn, ẹ pè é ní igbó àwọn ọmọ Ìgbò. Kì í ṣe igbó, kì í sì í ṣe ti Ìgbò, bó tiẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí àwọn Ìgbò ń pè é, mkpuru mmiri, ló gbajúmọ̀ jù. Methamphetamine ni àwa apòògùn ń pè é. Ará Japan kan, Nagai Nagayoshi, ló kọ́kọ́ ṣe é ní 1893; ará Japan mìíràn, Akira Ogata, ló sọ ọ́ di kírísítálì ní 1919. Ní 1938 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní Jámánì pẹ̀lú orúkọ Pervitin, àwọn sójà wọn sì ń gbé e mì lójú ogun kí oorun má baà kùn wọ́n. Nígbà tí NDLEA kọ́kọ́ rí ilé tí wọ́n ti ń ṣe é ní Nàìjíríà, ní 2011, ìpínlẹ̀ Èkó ni ilé náà wà. Ti Asaba tí wọ́n ti kó àwọn ará Mexico, 2016 ló tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sílẹ̀. Kò wúlò fún ọmọ tó wà nínú ilé yín.

Ohun tó ń ṣe nínú ara ló yẹ kí ẹ mọ̀. Èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jẹ́ dopamine. Òun ló ń jẹ́ ká gbádùn oúnjẹ, òun náà ló ń mú wa padà sídìí ohun tó bá dùn mọ́ wa. Nínú ìwádìí tí wọ́n fi eku ṣe, oúnjẹ gbé dopamine dé nǹkan bí ìlọ́po kan àbọ̀ iye tó wà tẹ́lẹ̀, kokéènì gbé e dé bí ìlọ́po mẹ́ta àbọ̀, amphetamine tó jẹ́ ìbátan áìsì sì gbé e dé bí ìlọ́po mẹ́wàá. Kokéènì, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan, ìdajì rẹ̀ ti kúrò lára. Áìsì ń gba wákàtí 10 sí 12 kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò. Ẹni tó fà á ní agogo mẹ́wàá alẹ́ tí ẹ wá mú ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, nǹkan bí ìdajì ohun tó fà ṣì ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹ di ìṣirò yẹn mú, a ó lò ó láìpẹ́.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà tún wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, dókítà ṣì lè kọ ọ́ fún aláìsàn, hóró kan sì jẹ́ mílígíráàmù 5. Ìdá kan nínú mẹ́wàá gíráàmù áìsì tó mọ́ jẹ́ mílígíráàmù 100, ìyẹn hóró 20 lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fà gba inú ẹ̀dọ̀fóró, tó sì dé ọpọlọ kí èèyàn tó ka ení dé ẹẹ́wàá. Kò sì sí oníbàárà kan tó mọ ohun tí ẹni tó tà á fún un pò mọ́ ọn.

2. Ojú pípọ́n tí ẹ ní kí àwọn ìyá máa wò

Ẹ ní kí ìyá tó bá rí i pé ojú ọmọ pọ́n na ọmọ náà, pé áìsì ló mu. Igbó ló ń mú ojú pọ́n. Ẹni tó bá mu áìsì, dúdú tó wà láàárín ẹyinjú rẹ̀ ló máa ń fẹ̀, kódà nínú oòrùn ọ̀sán tó yẹ kó kéré. Nítorí náà, ìyá tó bá tẹ̀ lé ohun tí ẹ sọ yóò máa lu ọmọ tí eruku ọyẹ́ wọ̀ lójú, yóò sì máa fi ẹni tó ń mu áìsì sílẹ̀.

Ohun tí à ń rí nìyí. Ọmọ náà kì í jẹun, ara rẹ̀ á fà ro láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ó lè má sùn fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́yìn náà á sùn odidi ọjọ́ kan sí méjì bí ẹni tó kú. Ní agogo méjì òru ẹ óò bá a níbi tó ti tú jẹnẹrétọ̀ palẹ̀, tó to gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ sórí ìwé ìròyìn láti kékeré dé ńlá, tó ń fọ kọ̀búrétọ̀ nígbà kẹrin, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún kò ní àrùn kankan tẹ́lẹ̀. Ó ń rún eyín pọ̀. Ẹnu rẹ̀ gbẹ, ó sì ń mu mínírà léraléra. Ẹnu gbígbẹ, eyín rírún àti ṣúgà yìí ló ń mú kí eyín àwọn ọmọ ọdún 20 ó lé díẹ̀ jẹrà láti ìdí. Ó ń họ apá àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ó fi di egbò, á sì fi ọwọ́ sọ̀yà pé kòkòrò ló ń rìn lábẹ́ awọ òun. Àpá iná wà ní ètè àti ní orí ìka rẹ̀. Gílóòbù ń pòórá nínú ilé, páìpù gíláàsì tí ìdí rẹ̀ dúdú àti ọ̀rá róbótó tó ní sípì sì wà lábẹ́ tìmùtìmù. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn kò tó láti fi dájọ́, torí ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB náà kì í sùn. Bí mẹ́rin sí márùn-ún bá pàdé lára ẹnì kan, ẹ pè é jókòó.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan lẹ sì ń sọ. Nínú ìwádìí 2018 tí ìjọba ṣe pẹ̀lú UNODC, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí oògùn olóró, nínú èèyàn mẹ́rin tó ń lo oògùn olóró ní Nàìjíríà, obìnrin ni ọ̀kan. Bí aboyún bá ń mu áìsì, ibi ọmọ lè já kúrò lára ilé ọmọ kí ọjọ́ ìbí tó pé, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, ọmọ lè wá láìpé oṣù. Òun náà lẹ fẹ́ nà?

3. Kòbókò lé ẹni tí áìsì ṣì wà lára rẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa pọ̀ sí jù.

Áìsì ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, ó ń mú kí ọkàn máa sáré, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń mú ara gbóná láti inú wá. Nítorí èyí ni a fi ń rí rọpárọsẹ̀ lára ọmọ ọdún 25, tí a sì ń rí ọkàn tó fẹ̀ tó sì rọ lára ẹni tí kò tíì pé 40. Ẹ wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ fi okùn so ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ dúró yí i ká lábẹ́ páànù ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ooru Àbújá ń bó èèyàn. Ó ń jà kó lè bọ́. Gbogbo iṣan ara tó ń ja ìjà yẹn ń fi ooru kún ooru. Ara tó yẹ kó wà ní nǹkan bíi 37 lórí tẹmọ́mítà lè kọjá 40; tó bá kọjá 41, ọpọlọ àti ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ẹran ara tó ń fa okùn á máa tú, ohun tó ń tú jáde nínú rẹ̀ á lọ dí kídìnrín, ìtọ̀ á sì dúdú bíi Coca-Cola. Pípàṣán lórí ìyẹn, ìbẹ̀rù àti ìrora ń tún ọkàn tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ lé. Ẹni tó bá kú báyìí, àwọn èèyàn á ní ẹ̀mí òkùnkùn ló pa á. Rárá o. Okùn, ooru àti ọkàn ló pa á, kòbókò sì wà nínú rẹ̀.

Èkejì ni pé ẹni tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́ta lórí áìsì lè máa gbọ́ ohùn, kó sì dá a lójú pé àwọn aládùúgbò fẹ́ pa òun. Ogún ọkùnrin tó mú kòbókò dání wọ yàrá rẹ̀ ni ẹ̀rí tó ń wá. Bó bá fa ọ̀bẹ yọ, kì í ṣe ìwà ipá tí wọ́n bí mọ́ ọn. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, àìsàn orí yìí máa ń rọlẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí bí oṣù kan bí wọn kò bá tún fà á. Lára àwọn díẹ̀, kì í lọ mọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí dókítà ọpọlọ wò wọ́n.

Kí ló yẹ kí ẹ ṣe dípò? Ẹni kan ṣoṣo ni kó bá a sọ̀rọ̀, ẹni tó mọ̀ tó sì fẹ́ràn, ní ohùn pẹ̀lẹ́, láti bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí i. Ẹ dín iná àti ariwo kù. Ẹ má dúró sí ẹnu ọ̀nà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ má bá a jiyàn lórí ohùn tó ń gbọ́, ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ.

Bí àyà bá ń dùn ún, bí orí bá ń fọ́ ọ lójijì bí ẹni pé ó fẹ́ là, bí apá kan ara bá kú, bí gìrì bá mú un, tàbí bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan tó sì ń sọ ìsọkúsọ, ilé ìwòsàn ni, kíákíá, kì í ṣe ọ̀la. Nọ́ńbà 112 wà. Kí ọkọ̀ tó dé, ẹ gbé e sábẹ́ ibòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Omi inú ọ̀rá tó tutù láti inú fíríìjì, ẹ fi há abíyá rẹ̀ méjèèjì, ọrùn àti ibi tí itan ti pàdé ara. Paracetamol kò ní í mú ooru yìí wálẹ̀, nítorí kì í ṣe ibà. Bó bá dákú tàbí tí gìrì ń mú un, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má jẹ́ kí ẹni kẹ́míìsì kan gún un ní Largactil «kó lè sùn»; abẹ́rẹ́ yẹn lè ṣí ọ̀nà fún gìrì, kò sì jẹ́ kí ara lè lé ooru jáde dáadáa. Ní ilé ìwòsàn, diazepam tàbí lorazepam ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lò, pẹ̀lú omi tútù àti ìṣọ́ ọkàn. Naloxone tó ń jí ẹni tí heroin tàbí kódíìnì gbé lọ kò ṣiṣẹ́ lórí áìsì. Ẹ sì sọ òtítọ́ ohun tó mu fún nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe ọlọ́pàá.

4. Bọ́ọ̀sì ọjọ́ kejì

Ẹ padà sí ìṣirò wákàtí 10 sí 12 yẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gbé e sínú bọ́ọ̀sì ní Jabi tàbí Utako, áìsì ń kúrò lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ohun tó sì ń rọ́pò rẹ̀ burú. Ọpọlọ tó ti ná gbogbo dopamine rẹ̀ tán kò rí nǹkan kan tó dùn mọ́ ọn mọ́. Á sùn bí òkú, ebi á máa pa á, àlá burúkú á máa gbé e. Fún nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10, ìbànújẹ́ ọkàn tó jinlẹ̀ ló ń bá a fínra, èrò láti pa ara ẹni sì ń wá jù láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yìí. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an lẹ wá fi ìnà, ìtìjú àti ìlékúrò nílé ṣe oúnjẹ rẹ̀, tí ẹ sì jókòó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé gba Lokoja, Ọ̀kẹ́nẹ́ àti Àkúrẹ́ lọ, láìsí ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọkọ̀ sì máa ń dúró lójú ọ̀nà.

Àwọn kan lára wọn máa ń wá ohun tí yóò mú ara wálẹ̀: D5 (hóró diazepam), Exol (hóró benzhexol), ọtí, tàbí gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá fi ọtí gbé D5 mì lè sùn láìjí lórí àga bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì í á sì rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ibo lẹ sì ń rán an lọ? Ìwádìí 2018 tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn rí i pé ní àárín gbùngbùn àríwá, níbi tí Àbújá wà, èèyàn 10 nínú 100 ló lo oògùn olóró kan láàárín ọdún kan. Ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù, ilẹ̀ wa, 22.4 nínú 100 ni, kò sì sí agbègbè tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ ń gbé ọmọ kúrò níbi tó kéré jù lọ síbi tó pọ̀ jù, ẹ sì ń pè é ní ìwẹ̀nùmọ́.

Ti ilé wòlíì àti ti ààfáà, àdúrà kò burú. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ló burú. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ọlọ́pàá tú èèyàn tó lé ní 300 sílẹ̀ ní ilé kan ní Rigasa, Kàdúná, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n dè mọ́lẹ̀ ní orúkọ ìtọ́jú. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n rí irú rẹ̀ ní Ọ̀jọ́ọ̀, Ìbàdàn, èèyàn tó lé ní 250. Ìbàdàn tí bọ́ọ̀sì yín ń lọ nìyẹn. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin 1958, ti fún ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó bọ̀wọ̀ fún un.

5. Fídíò

Ní oṣù kọkànlá 2021, irú fídíò yìí kún orí fóònù gbogbo wa láti ìlà-oòrùn: àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n so mọ́ òpó, tí wọ́n ń nà. Áìsì kò torí ẹ̀ tán. Òfin NDLEA fi ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 lélẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá ká oògùn olóró tó le mọ́ lọ́wọ́ tàbí tó ń fà á; fídíò tí ẹ̀ ń yà lè di ẹ̀rí tí wọ́n ó fi jù ú sẹ́wọ̀n. Nínà àgbàlagbà láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́ náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin, ojú yín sì hàn kedere nínú fídíò kan náà. Ẹ pa àwọn fídíò náà rẹ́.

6. Tramadol tí ẹ ò kà sí nǹkan kan

Ẹnì kan nínú yín sọ pé ti tramadol ṣì dára díẹ̀, torí àwọn ọlọ́kadà àti alágbàṣe ń lò ó ṣiṣẹ́. NAFDAC kò fọwọ́ sí èyí tó ju mílígíráàmù 100 lọ nínú hóró kan; 225 tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ kò ní ìwé kankan. Tramadol nìkan lè mú gìrì wá. Bí áìsì bá bá a nínú ara, méjèèjì jọ ń gbé èròjà mìíràn sókè nínú ọpọlọ, serotonin: ara á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á le, òógùn á bo ọmọ, ara á gbóná, gìrì á dé. A máa ń rí èyí ju áìsì nìkan lọ ní ìhà wa níbí, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń mu áìsì ti ń lo tramadol tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ọmọ náà kò ju èyí lọ: kí ni o mu, ìgbà wo, kí ni o fi gbé e?

7. Ohun tí a ń bèèrè

Ẹ fagi lé ìpinnu yẹn nínú ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ohùn mìíràn ránṣẹ́ sórí WhatsApp kan náà, kí gbogbo ẹni tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ ti èkejì.

Owó ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ ná sórí bọ́ọ̀sì, ẹ fi gbé e dé ilé ìwòsàn: ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ yunifásítì Àbújá ní Gwagwalada, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ ìjọba àpapọ̀ ní Barnawa, Kàdúná, tí kò jìnnà. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ọkàn, ti kídìnrín, HIV àti àrùn jẹdọ̀jẹdọ̀ (hepatitis) B àti C, pàápàá bó bá ń gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́. Nọ́ńbà NDLEA fún ìmọ̀ràn ọ̀fẹ́ ni 0800 1020 3040. Òbí lè pè é láìdárúkọ ọmọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ kó ọ̀bẹ, okùn, oògùn eku àti Sniper kúrò nílé. Ẹ jẹ́ kó sùn, ẹ fún un ní oúnjẹ bó ṣe fẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní tààrà bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà sí i lórí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tó gùn tó. Kò tíì sí oògùn kan tí wọ́n fọwọ́ sí pàtó fún bárakú áìsì. Ohun tí ìwádìí fi hàn pé ó ṣiṣẹ́ jù ni ìgbaninímọ̀ràn, pẹ̀lú ẹ̀bùn kékeré fún ìtọ̀ tó mọ́. Ẹgbẹ́ yín lè ṣe apá kejì yìí, ó sì rọrùn ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ yan ẹni méjì tó mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́, ẹ má yan alága. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 12, kí ọmọ náà tọ̀ sínú ife. Lẹ́ẹ̀mejì, torí pé áìsì kì í pẹ́ nínú ìtọ̀ ju ọjọ́ 2 sí 4 lọ. Ìtọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bó bá tutù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ọ̀rá. Lórí tẹ́ẹ́sì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní ilé-oògùn, ìlà méjì, níwájú C àti T, ni pé kò sí áìsì, kódà bí ìlà T bá ṣe bàìbàì. Ibí yìí ni àwọn èèyàn ti ń ṣì í kà, wọ́n á ní ìlà tó bàìbàì ni «ó ti mu díẹ̀». Bó bá jẹ́ C nìkan ló yọ, ó ṣeé ṣe kí oògùn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine náà lè fa irú èyí, nítorí náà ẹ bi í kí ẹ tó dájọ́. Bí C kò bá yọ, tẹ́ẹ́sì yẹn ti bàjẹ́, ẹ lo òmíràn.

Ìtọ̀ tó mọ́, ẹ fún un ní ẹ̀bùn lójú ẹsẹ̀: múdù gaàrí kan lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un bó ṣe ń tẹ̀ síwájú, dé ìrẹsì, dé ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má fún un ní owó. Bí kò bá mọ́, kò sí ẹ̀bùn lọ́jọ́ yẹn, kò sí èébú, kò sí ìwàásù. Ẹ̀bùn tó ń bọ̀ á padà sí múdù kan. Ẹ̀bùn tó pẹ́ kó tó dé kì í ṣiṣẹ́, ẹ má ní kó dúró de ìparí oṣù.

Bó bá ṣubú lóṣù kejì, kò túmọ̀ sí pé ọlọ́run kọ̀ ọ́. Ọkàn rẹ̀ ṣì máa ń fà sí i fún oṣù bíi mélòó kan. Àwòrán ọpọlọ àwọn tó fi áìsì sílẹ̀ fi hàn pé ọ̀nà dopamine tó bàjẹ́ ń padà bọ̀ sípò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 12 sí 17, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìrántí àti ìyára ọwọ́ kì í padà tán lára gbogbo wọn. Ẹ ka iṣẹ́ yìí sí ọdún kan ó lé díẹ̀, kí ẹ ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ bí ẹ ṣe ń ya ti ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tó le lẹ́nu. Àwọn kan nínú yín ni onílé, àwọn kan sì ni alága gáréèjì. Yàrá tí wọ́n ti ń ta nǹkan yìí, ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ sì ń gba owó ilé rẹ̀. Kí ẹ tó gbé kòbókò lé ọmọ ọdún 19 tó rà á, ẹ lé ẹni tó tà á jáde kúrò nínú ilé yín.

A ń retí èsì yín kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó wáyé. Bí ẹ bá pè wá, a ó mú tẹ́ẹ́sì wá, a ó sì kọ́ ẹni méjì tí ẹ bá yàn ní bí wọ́n ṣe ń kà á, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa ọmọ yín,
apòògùn, nọ́ọ̀sì àti agbaninímọ̀ràn tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Àbújá